Omi Abẹ́ Ọ̀nà: Ìtàn Ìmọ̀ nípa Ọ̀nà Ọkọ̀ Ojúlé ní Ilẹ̀ Òtútù, 1816 sí 1960

Ìfáàrà

Ní àwọn ìpínlẹ̀ àríwá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, bíi Minnesota, Michigan àti New Hampshire, ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó tètè ń fi ipá ìgbà òtútù han onílé ni ọ̀nà ọkọ̀ ojúlé rẹ̀, èyíinì ni ọ̀nà kúkúrú tí ọkọ̀ ń gbà láti títì wọ inú ọgbà ilé. Nígbà tí yìnyín bá ń yọ́, ọ̀nà tí ó tẹ́jú pẹrẹsẹ kí òtútù tó dé lè ti sán, kí ó wú níbì kan, kí ó sì rì níbòmíràn. Ìjọba ni ó ń tún títì ṣe, ṣùgbọ́n onílé ni ó ń fi owó ara rẹ̀ tún ọ̀nà ojúlé ṣe. Nítorí náà, ìbéèrè nípa ohun tí ń ba ọ̀nà jẹ́ kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ nìkan.

Èrò tí ó gbòde ni pé òtútù ni ó ń ba ọ̀nà jẹ́, àti pé bí ojú ọ̀nà bá ti nípọn, tí ó sì le tó, òtútù kò ní rí i gbé ṣe. Bébà yìí tako èrò náà. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé omi ni ọ̀tá ọ̀nà, àti pé òtútù kàn ń fún omi ní agbára ni. Ìmọ̀ yìí kò dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Apá kìíní rẹ̀ dé ní 1816. Apá kejì kò dé títí di 1929 àti 1930. Láàrin àkókò méjèèjì, ọ̀pọ̀ ìrètí ni wọ́n gbé lé ojú ọ̀nà líle pé yóò ṣe iṣẹ́ tí ìpìlẹ̀ nìkan lè ṣe. Orí títì ńlá ni wọ́n ti kọ́ púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ọ̀nà ojúlé. Fún ìdí èyí, ìtàn títì ni bébà yìí yóò kọ́kọ́ tọ̀, kí ó tó padà sí ọgbà onílé.

Ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí Òrùlé

Kí John Loudon McAdam tó dé, àwọn ògbóǹtagí nínú iṣẹ́ ọ̀nà ní ilẹ̀ Yúróòpù gbà pé ìpìlẹ̀ òkúta ńlá ni ó ń gbé ọ̀nà ró. Bẹ́ẹ̀ ni Trésaguet ṣe ní ilẹ̀ Faransé. Bẹ́ẹ̀ náà ni Thomas Telford ṣe ní Scotland: a to òkúta ńlá sí ìsàlẹ̀, a sì da èyí tí ó kéré lé e lórí. McAdam, ọmọ ìlú Ayr ní Scotland, tí a bí ní 1756, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1816, ọdún tí ó di alábòójútó ọ̀nà ní agbègbè Bristol, ó tẹ ìwé jáde lórí ọ̀ràn náà. Àlàyé rẹ̀ ni pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń ru ẹrù ọkọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, yóò rù ú; bí omi bá wọ̀ ọ́, kò sí bí òkúta orí rẹ̀ ti lè nípọn tó tí ọ̀nà kò ní fọ́.

Láti inú èrò yìí ni ìlànà rẹ̀ ti jáde. Òkúta kò gbọdọ̀ wúwo ju áúnsì 6 lọ. Fífọ́ ni kí wọ́n fọ́ ọ kí ó ní igun, kí igun wọnú igun, kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ sì máa tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dì mọ́ra. Íǹṣì 10 ni ó kà sí ìnípọn tí ó tó. Ó ní kí ọ̀nà ga ju omi agbègbè rẹ̀ lọ, kí omi sì lè ṣàn kúrò ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní kúkúrú, òrùlé ni ọ̀nà jẹ́ lójú McAdam, ilẹ̀ sì ni ilé tí òrùlé náà ń bò. Ìlànà yìí kò pẹ́ dé Amẹ́ríkà: ní 1823 ni wọ́n fi ṣe ọ̀nà láàrin Hagerstown àti Boonsboro ní ìpínlẹ̀ Maryland.

Ìdajì òtítọ́ ni McAdam mú. Ẹni tí ó kan òrùlé ti mọ̀ pé òkè ni omi ti ń bọ̀. Àlàyé McAdam kò sọ bí omi ti ń gun òkè láti inú ilẹ̀ lọ pàdé òtútù. Ó gbà ju 100 ọdún kí ẹnikẹ́ni tó fi ìdí èyí múlẹ̀.

Ìgbà Sìmẹ́ǹtì àti Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́

Ní 1824, Joseph Aspdin ará Leeds gba ìwé àṣẹ lórí sìmẹ́ǹtì tí a ń pè ní Portland. Nígbà tí ó di 1891, George Bartholomew rọ ìgbìmọ̀ ìlú Bellefontaine ní ìpínlẹ̀ Ohio kí wọ́n jẹ́ kí òun fi kọnkéré ṣe ojú títì. Wọ́n jẹ́ kí ó kọ́kọ́ ṣe apá kan tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 8. Nígbà tí ó tó àkókò láti ṣe àwọn títì tí ó yí ilé ẹjọ́ ká, ìgbìmọ̀ náà béèrè ohun ìdúró: Bartholomew fi $5,000 dúró pé títì náà kò ní bàjẹ́ fún ọdún 5. Títì náà kò bàjẹ́, apá kan rẹ̀ sì wà títí di òní.

Ìtàn yìí ṣe pàtàkì fún ìdí méjì. Èkíní, ó fi hàn pé ojú ọ̀nà líle lè la ìgbà òtútù já. Èkejì, èyí tí àwọn ènìyàn kì í sábà rántí, ni pé ìgbìmọ̀ ìlú náà mọ̀ pé ojú kò lè rí iṣẹ́ ọ̀nà tán lọ́jọ́ tí a bá parí rẹ̀. Ìgbà òtútù bíi mélòó kan ni ó lè jẹ́rìí sí i. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ní 1908, Henry Ford bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ Model T. Ní 1909, wọ́n fi kọnkéré ṣe máìlì kan lójú ọ̀nà Woodward ní ìtòsí Detroit, ní Michigan. Bí ọkọ̀ ti ń pọ̀ sí i lọ́wọ́ àwọn ará ìlú ni ọgbà ilé púpọ̀ sí i ń ní ọ̀nà ọkọ̀ tirẹ̀, tí wọ́n fi kọnkéré tàbí ọ̀dà ṣe. Ṣùgbọ́n bí ojú ọ̀nà ti ń dára sí i tó, wíwú ọ̀nà nígbà òtútù kò dáwọ́ dúró. Kọnkéré líle ń gbéra nílẹ̀, ó sì ń kán sí méjì. Ó hàn gbangba nígbà náà pé ìṣòro náà kò sí lójú ọ̀nà.

Àwárí Stephen Taber

Àlàyé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fara mọ́ tẹ́lẹ̀ rọrùn: bí omi bá dì, ó ń fẹ̀ ní ìwọ̀n bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà, omi inú ilẹ̀ ń fẹ̀, ilẹ̀ sì ń wú. Ìṣirò kò ti àlàyé yìí lẹ́yìn. Bí ilẹ̀ bá dì dé ẹsẹ̀ bàtà 3, tí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ omi, fífẹ̀ omi náà kò lè gbé ilẹ̀ sókè ju nǹkan bí íǹṣì 1 lọ. Síbẹ̀, níbi púpọ̀, ilẹ̀ ń ga ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po.

Stephen Taber, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta ní yunifásítì ìpínlẹ̀ South Carolina, ni ó tú ọ̀rọ̀ náà ní ìdí, nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní 1929 àti 1930. Ó fi ilẹ̀ sínú òtútù ní yàrá ìwádìí, ó sì rí i pé yìnyín ń tò ní ìpele ìpele nínú rẹ̀. Ìpele kọ̀ọ̀kan ń fa omi láti ìsàlẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òwú àtùpà ti ń fa kẹrosíìnì. Bí omi bá ti ń rí ọ̀nà gòkè, yìnyín náà yóò máa nípọn sí i, yóò sì máa ti ohun tí ó wà lórí rẹ̀ sókè. Láti pa àríyànjiyàn tì, Taber fi benzene àti nitrobenzene dípò omi. Àwọn méjèèjì ń súnkì ni bí wọ́n bá dì, wọn kì í fẹ̀. Síbẹ̀, ilẹ̀ wú. Èyí fi hàn láìsí iyèméjì pé kì í ṣe fífẹ̀ omi ni olórí ohun tí ń gbé ọ̀nà sókè, bí kò ṣe omi tuntun tí ń gòkè wá di yìnyín.

Nǹkan mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ pàdé kí ọ̀nà tó wú lọ́nà yìí: òtútù tí ó tó, omi nítòsí, àti ilẹ̀ tí ó lè fa omi. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ọ̀nà kò ní wú bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè dá òtútù dúró. Ọwọ́ ènìyàn sì tó méjì yòókù. Ní 1931, Arthur Casagrande, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Massachusetts Institute of Technology, fi ìwọ̀n sí irú ilẹ̀ tí ó léwu: ilẹ̀ tí ẹyọ rẹ̀ tóbi jura lọ, tí ohun tí ó ju ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì kéré ju mìlímítà 0.02 lọ, yóò fa omi, yóò sì wú. Ní 1935, Gunnar Beskow tẹ iṣẹ́ ńlá jáde ní Sweden lórí ọ̀ràn kan náà. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó fẹ́ ṣe ọ̀nà lè yẹ ilẹ̀ wò kí ó tó náwó.

Omi Inú Kọnkéré àti Ọ̀ràn Iyọ̀

Ohun tí Taber rí nínú ilẹ̀, ìbátan rẹ̀ wà nínú kọnkéré pẹ̀lú. Kọnkéré ní ihò tí ojú kò lè rí, omi sì ń wọ inú rẹ̀. Láàrin ọdún 1930 sí 1940, wọ́n ṣàkíyèsí ní ìpínlẹ̀ New York pé àwọn títì kan kò bó lójú bí ìyókù. Nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé ọ̀rá màlúù wà lára ohun tí wọ́n fi kún sìmẹ́ǹtì wọn nígbà tí wọ́n ń lọ̀ ọ́. Ọ̀rá náà sì ti dá afẹ́fẹ́ sínú kọnkéré ní ihò wẹ́wẹ́. Ní 1945, T. C. Powers ṣàlàyé rẹ̀ pé bí omi inú kọnkéré bá ń dì, omi tí kò tíì dì ń wá ibi sá sí. Ihò afẹ́fẹ́ wọ̀nyí ni ibi ìsádi rẹ̀. Kọnkéré tí kò ní wọn yóò bó.

Àkókò yìí kan náà ni iyọ̀ wọlé. Ní 1938, ìpínlẹ̀ New Hampshire bẹ̀rẹ̀ sí í dán iyọ̀ wò láti fi yọ́ yìnyín ojú títì. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àṣà náà tàn káàkiri. Iyọ̀ gba ẹ̀mí àwọn awakọ̀ là, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí ojú kọnkéré tètè bó, ó sì ń jẹ́ kí irin inú rẹ̀ dípẹtà. Ọkọ̀ tí ó ti títì dé ń gbé iyọ̀ náà wá sí ọ̀nà ojúlé, yálà onílé fẹ́ tàbí ó kọ̀.

Ẹ̀rí láti Illinois

Láti oṣù kẹwàá 1958 sí oṣù kọkànlá 1960, Ẹgbẹ́ Àwọn Aláṣẹ Títì Ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, AASHO, ṣe ìdánwò ńlá ní ìtòsí ìlú Ottawa ní Illinois. Àwọn ọmọ ogun wa ọkọ̀ ẹlẹ́rù lórí àwọn títì tí wọ́n dìídì ṣe fún un, títí tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ fi tẹ̀ wọ́n ní ìgbà 1,114,000. Nǹkan bí mílíọ̀nù 27 dọ́là ni ó ná wọn. Nínú ohun tí ó jáde, ọ̀kan kan ọ̀ràn yìí gan-an: púpọ̀ nínú àwọn títì ọlọ́dà tí ó bàjẹ́, ìgbà tí yìnyín ń yọ́ ni wọ́n bàjẹ́, kì í ṣe ìgbà tí òtútù le jù. Ilẹ̀ tí ó dì gbagidi ń ru ẹrù dáadáa. Ṣùgbọ́n òkè ni yíyọ́ ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. Omi tí ó yọ́ kò rí ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀, nítorí pé ìsàlẹ̀ ṣì dì. Ilẹ̀ a sì di ẹrẹ̀ lábẹ́ ọ̀nà. Bí òtútù nìkan bá ni ọ̀tá, ìgbà tí ó le jù ni ìbá jẹ́ ìgbà ìparun.

Ohun tí Ìtàn Yìí Kọ́ Onílé

Ní Minnesota, òfin ilé kíkọ́ ní kí ìpìlẹ̀ ilé jìn tó íǹṣì 60 ní apá àríwá àti 42 ní apá gúúsù, kí òtútù má baà dé abẹ́ rẹ̀. Kò sí onílé tí yóò gbẹ́ ọ̀nà ọkọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí ó tọ́ ni kí a gba omi lọ́wọ́ òtútù. Níbi tí ilẹ̀ bá jẹ́ èyí tí ń fa omi, wọn a kó o kúrò, wọn a sì fi òkúta fífọ́ tí kò ní ìyẹ̀fun púpọ̀ dípò rẹ̀, bí íǹṣì 8 sí 12, ní ìpele ìpele, kí wọ́n máa kì í mọ́lẹ̀ bí wọ́n ti ń dà á. Omi kì í gun irú òkúta bẹ́ẹ̀, nítorí pé àlàfo àárín rẹ̀ tóbi. Ojú ọ̀nà a dagun kúrò lára ilé ní ìwọ̀n bí ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì fún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Kọnkéré gbọ́dọ̀ ní ihò afẹ́fẹ́, bí ìdá 5 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún, kí a sì gé ojú rẹ̀ sí abala abala kí ó lè sán níbi tí a fẹ́.

Ìtọ́jú náà kò jìnnà sí èyí. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀: kí a dí ojú ibi tí ó sán kí òtútù tó dé. Iyanrìn ni ó yẹ kọnkéré tuntun ní ìgbà òtútù rẹ̀ àkọ́kọ́, kì í ṣe iyọ̀. Kí a má sì kó yìnyín jọ síbi tí yóò ti yọ́ padà sí abẹ́ ọ̀nà. Ọ̀dà tuntun tí a fi kun ojú ọ̀nà ń dènà omi òjò, gẹ́gẹ́ bí òrùlé McAdam. Kò lè ṣe ohunkóhun sí omi tí ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Láti 1816 sí 1960, ìmọ̀ yí padà láti orí ojú ọ̀nà sí abẹ́ rẹ̀. McAdam ní kí omi má ti òkè wọlé. Taber fi hàn pé ó ń ti ìsàlẹ̀ wọlé. Powers fi hàn pé inú kọnkéré fúnra rẹ̀ kò bọ́ nínú rẹ̀. Kò sí èyí tí ó sọ èkejì di irọ́. Ohun tí ìtàn náà kò yí padà ni ipò onílé. Ojú ọ̀nà ni ó ń rí nígbà tí ó ń sanwó. Abẹ́ ọ̀nà, tí kò rí, ni yóò pinnu bóyá owó náà gbé. Ìgbìmọ̀ ìlú Bellefontaine mọ èyí kí ìmọ̀ tó fi ìdí rẹ̀ hàn, wọ́n sì béèrè ìdúró ọdún 5. Onílé kò ní agbára ìgbìmọ̀ ìlú, ṣùgbọ́n ó lè dúró tì wọ́n nígbà tí ilẹ̀ ṣì wà ní gbígbẹ́, kí ó béèrè irú ilẹ̀ tí ó wà níbẹ̀, ibi tí omi yóò gbà, àti bí òkúta yóò ti nípọn tó. Lẹ́yìn tí a bá ti da kọnkéré bò ó, ìgbà tí yìnyín bá yọ́ nìkan ni yóò dáhùn.