Láti Orísun Dé Inú Ẹ̀rọ: Ìtàn Ráútà WRT54G àti Ẹ̀tọ́ Ẹni tí ó Rà á

Ìfáárà

Ẹni tí ó bá ra ìwé ti ra ohun tí ó lè kà. Bí àṣìṣe ìtẹ̀wé bá wà nínú rẹ̀, yóò rí i, yóò sì lè fi gègé tún un ṣe. Ọ̀tọ̀ ni ti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní. Ráútà, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí ó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì wọlé tí ó sì ń pín in fún àwọn kọ̀ǹpútà àti fóònù inú ilé, ní ètò kan nínú tí ó ń darí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Firmware ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ra ráútà ni ó ni ín, ṣùgbọ́n kò lè ka ètò náà, nítorí pé èdè ẹ̀rọ ni wọ́n fi gbé e sínú rẹ̀.

Nínú iṣẹ́ yìí, a ó sọ ìtàn bí ó ti ṣe di ohun tí ó ṣeé ṣe fún ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà Linux nínú ilé rẹ̀ láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ firmware ráútà láti orísun. Èrò wa ni pé kì í ṣe agbára ẹ̀rọ ni ó ṣí ilẹ̀kùn náà, bí kò ṣe ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀, àti àwọn ènìyàn tí ó fara balẹ̀ kà á. Nítorí náà ni ìtàn yìí fi kan àwa tí kíka àkọsílẹ̀ àti yíyẹ̀ ẹ́ wò jẹ́ iṣẹ́ wa.

Orísun àti Ògbufọ̀

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ méjì tí a ó máa lò. Àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kì í sábàá fi èdè ẹ̀rọ kọ ọ́. Wọ́n ní àwọn èdè àtọwọ́dá, bí èdè C, tí ènìyàn lè kọ́, tí ó sì lè kà. Ohun tí wọ́n fi irú èdè bẹ́ẹ̀ kọ ni a pè ní orísun. Ètò mìíràn wà tí ó ń yí orísun padà sí èdè ẹ̀rọ. Ògbufọ̀ ni a ó máa pè é, nítorí pé iṣẹ́ ògbufọ̀ gan-an ni ó ń ṣe.

Ìyàtọ̀ kan wà láàrin ògbufọ̀ yìí àti ògbufọ̀ tí ó jẹ́ ènìyàn. Bí ó bá ti parí iṣẹ́ rẹ̀, ó ṣòro púpọ̀ láti ti inú ẹ̀dà èdè ẹ̀rọ padà sí orísun. Àlàyé tí òǹkọ̀wé ṣe sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ àti ọ̀pọ̀ orúkọ tí ó sọ àwọn nǹkan yóò ti pòórá. Ẹni tí ó ní ẹ̀dà ẹ̀rọ nìkan dà bí akẹ́kọ̀ọ́ tí a fún ní máàkì láìjẹ́ kí ó rí ìwé ìdáhùn rẹ̀.

Ìwé Àṣẹ Ọdún 1991

Ní 1983, Richard Stallman, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kéde iṣẹ́ kan tí ó pè ní GNU. Ohun tí ó ń lé ni àpapọ̀ ètò kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè lò, tí ó lè kà, tí ó lè yí padà, tí ó sì lè fún ẹlòmíràn. Ní 1989, ó gbé ìwé àṣẹ ìlò kan jáde tí a mọ̀ sí GPL. Ẹ̀dà kejì rẹ̀ jáde ní 1991. Ní ọdún kan náà ni Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ Linux, ó sì fi í sí abẹ́ GPL ní 1992.

Ohun mẹ́ta nínú ẹ̀dà kejì ìwé àṣẹ yìí ni ó kan ọ̀rọ̀ wa. Èkíní, ẹni tí ó bá pín ètò náà ní èdè ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ fi orísun rẹ̀ kún un, tàbí kí ó kọ ìlérí sílẹ̀, tí yóò wà fún ọdún 3 ó kéré tán, pé òun yóò fún ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè. Èkejì, orísun ni irú ẹ̀dà tí ó dára jù lọ fún ẹni tí ó fẹ́ ṣe àtúnṣe. Ẹ̀dà tí a ti dà rú kò tó. Ẹ̀kẹta ni ó sì jinlẹ̀ jù: àwọn àkọsílẹ̀ tí ń darí bí a ti ń kọ́ ètò náà àti bí a ti ń gbé e sórí ẹ̀rọ wà lára orísun. Ẹni tí ó kọ ìwé àṣẹ náà ti mọ̀ pé orísun láìsí ọ̀nà tí a fi ń kọ́ ọ kò wúlò tó.

Ọ̀rọ̀ Dé Orí WRT54G

Ilé-iṣẹ́ Linksys, tí a dá sílẹ̀ ní California ní 1988, gbé ráútà WRT54G jáde ní oṣù kejìlá 2002. Mẹ́gábáìtì 16 ni ìrántí inú rẹ̀, mẹ́gábáìtì 4 péré sì ni ibi tí firmware ń gbé. Ní oṣù kẹta 2003, Cisco kéde pé òun yóò ra Linksys ní nǹkan bí mílíọ̀nù 500 dọ́là. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ọ̀kan nínú àwọn tí ń tẹ̀lé iṣẹ́ Linux yẹ firmware ráútà náà wò fínnífínní, ó sì kéde pé Linux ni ó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ètò mìíràn tí ó wà lábẹ́ GPL. Àwọn tí ó rà á kò sì rí orísun rẹ̀ gbà.

Linksys kọ́ ni ó kọ ètò náà. Broadcom ni ó pèsè ọpọlọ ẹ̀rọ náà, ilé-iṣẹ́ CyberTAN ti Taiwan sì ni ó bá wọn to ètò inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ kò béèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́. Ẹni tí ó ń pín in fún aráyé ni ó ń bá wí. Ní oṣù keje 2003, Linksys gbé orísun jáde.

Àwọn Yorùbá ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ní oṣù kìíní 2004, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ OpenWrt láti ara orísun Linksys náà. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n fi orísun Linux gan-an rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì mú un bá ọ̀pọ̀ ráútà ilé-iṣẹ́ mìíràn mu. Ní 2005, Linksys dín ìrántí WRT54G kù sí mẹ́gábáìtì 8, ibi ìpamọ́ rẹ̀ sí 2, ó sì yọ Linux kúrò, ó fi VxWorks dípò. Ṣùgbọ́n ó tún ṣe òmíràn, WRT54GL, tí ó ń lo Linux, fún àwọn tí ó fẹ́ kọ́ ti ara wọn. Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹ̀sùn ti di ohun tí wọ́n fi ń ta ọjà.

Bí A Ti Ń Kọ́ Ọ

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ OpenWrt lónìí yóò fi ètò git gba orísun sórí kọ̀ǹpútà Linux tí àyè inú rẹ̀ pọ̀ dáadáa. Yóò pa àṣẹ pé «make menuconfig», àtòjọ kan yóò sì yọ níbi tí yóò ti yan irú ọpọlọ ẹ̀rọ, orúkọ ráútà, àti àwọn ètò tí ó fẹ́ kí ó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, yóò pa àṣẹ «make».

Ohun tí yóò kọ́kọ́ kọ́ kì í ṣe ohun tí yóò wọ inú ráútà. Ògbufọ̀ ni yóò kọ́. Ìdí ni pé èdè ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ilé àti ti ráútà kì í sábàá jẹ́ ọ̀kan náà. Èdè MIPS ni WRT54G gbọ́. Ráútà náà kéré jù láti dá ògbufọ̀ ara rẹ̀ gbé. Nítorí náà, inú kọ̀ǹpútà ni ògbufọ̀ náà yóò jókòó sí, tí yóò máa ka èdè C, tí yóò sì máa sọ èdè ráútà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò kan Linux fúnra rẹ̀ àti àwọn ètò yòókù, kí a tó di gbogbo rẹ̀ sí fáìlì kan ṣoṣo tí a ó gbé sórí ráútà. Ìgbà àkọ́kọ́ lè gba wákàtí mélòó kan. Ìṣọ́ra sì ṣe pàtàkì, nítorí fáìlì tí a kọ́ fún ráútà mìíràn lè mú kí ẹ̀rọ kọ̀ láti tan mọ́.

Ibi tí Ọ̀nà Dí

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ṣí. Broadcom kò fi orísun apá tí ń darí ìgbì aláìnílò-wáyà sílẹ̀. Fún ọdún pípẹ́, ẹ̀dà èdè ẹ̀rọ nìkan ni àwọn tí ń kọ́ firmware rí lò fún un. Bákan náà, aáwọ̀ pẹ̀lú Cisco kò parí ní 2003. Ní oṣù kejìlá 2008, Free Software Foundation pè é lẹ́jọ́ ní New York lórí ọjà Linksys. Lára àwọn ètò tí ẹjọ́ náà dá lé ni GCC, tí í ṣe ògbufọ̀ gan-an. Ní oṣù karùn-ún 2009, wọ́n parí rẹ̀ láàrin ara wọn: Cisco gbà láti yan ẹnì kan tí yóò máa bójú tó pípa ìwé àṣẹ mọ́, ó sì fi owó ran àjọ náà lọ́wọ́.

Orísun kò sì lè sọ ẹ̀rọ kékeré di ńlá. OpenWrt 19.07, tí ó jáde ní 2020, ni ó gbẹ̀yìn nínú èyí tí a ṣe fún àwọn ráútà tí ibi ìpamọ́ wọn jẹ́ mẹ́gábáìtì 4.

Àgbálọgbábọ̀

Bí ilé-iṣẹ́ bá dẹ́kun àtúnṣe ráútà kan, àlàfo tí olè lè gbà wọlé kì í dẹ́kun nínú rẹ̀. Ẹni tí kò ní orísun kò ní ju kí ó gbà bẹ́ẹ̀, tàbí kí ó sọ ẹ̀rọ tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ nù. Ẹni tí ó ní i lè dí àlàfo náà, tàbí kí ó jàǹfààní ẹni tí ó ti dí i; àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ìyàtọ̀ láàrin àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ láti inú gbólóhùn mélòó kan tí a kọ ní 1991. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ni ètò náà gba ọwọ́ wọn kọjá kí ó tó dé ọjà, síbẹ̀ ẹni tí ó mọ ohun tí ìwé àṣẹ sọ ni ó gbé e yẹ̀ wò. Nínú àkàyé, ìtàn àti ìròyìn ni a sábà máa ń fún àwọn ọmọ wa kà. Ó yẹ kí á fi àkọsílẹ̀ àdéhùn kún un, irú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti ṣàlàyé ẹni tí ó jẹ ẹlòmíràn ní gbèsè, ohun tí ó jẹ, àti iye ọdún tí ìlérí náà yóò fi wà. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n bá dàgbà.