Ìbéèrè Tí Wọ́n Fi Ẹ̀mí Rà

Ojú mi ló ṣe ní yàrá ẹ́kísíréè kan ní Gbàgádà. Ọmọge tó fẹ́ ya fọ́tò bi ìyáàfin kan pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kò sí oyún? Ìgbà wo lẹ rí nǹkan oṣù yín kẹ́yìn?" Ni ìyáàfin bá gbaná jẹ: "Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn mí lo fẹ́ wò ni, àbí yàrá ọkọ mi?"

Àwa tá a jókòó bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ènìyàn mi, ìbéèrè yẹn kì í ṣe àrífín. Ẹ̀mí ni wọ́n fi rà á.

Ní 1895 ni Röntgen, ará Jámánì, ṣàwárí ìtànṣán tó ń la ẹran ara kọjá, tó ń fi egungun hàn. Ayé yọ̀ sẹ̀sẹ̀. Wọn ò tètè mọ̀ pé ó lóró. Clarence Dally, ọmọ iṣẹ́ Edison ní Amẹ́ríkà, a máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán ẹ̀rọ náà wò. Ọwọ́ náà bàjẹ́, wọ́n gé e, síbẹ̀ jẹjẹrẹ pa á ní 1904.

Bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń kọ́ láti fi òjé dáàbò bo ara wọn nìyẹn. Aláìsàn ńkọ́? Ní ìlú Òyìnbó, wọ́n ṣì ń ya fọ́tò ikùn aboyún láti mọ bí ọmọ ṣe sùn. Ní 1956, Dókítà Alice Stewart ní Oxford fi hàn pé jẹjẹrẹ ń pa ọmọ irú àwọn aboyún bẹ́ẹ̀ tó ìlọ́po méjì tàwọn yòókù. Báwo ló ṣe mọ̀? Ó bi àwọn ìyá wọn léèrè ni. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí àwọn dókítà tó gbà á gbọ́.

Nílé wa ńbí, 1964 ni ìjọba àpapọ̀ dá ẹ̀ka tí ń ṣọ́ ìtànṣán sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Òfin gan-an, ó di 1995, ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn Röntgen. Àjọ tó ń mú un ṣẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001.

Ẹ má sá fún ẹ́kísíréè o. Bí dókítà bá rí ìdí tó fi yẹ, àǹfààní rẹ̀ ju ewu rẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi wò. Bí ẹ bá ti yà á láìpẹ́, ẹ mú fọ́tò náà dání. Bí oyún bá wà, tàbí tẹ́ ẹ bá fura, ẹ sọ ọ́. Abéèrè kì í ṣìnà.

Ìyáàfin wa? Ó ka oṣù lórí ìka, ó dákẹ́. Wọ́n ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ ná.