Láti Korle Gonno dé Dansoman: Bí ìrìn ẹsẹ̀ ṣe di ohun ìgbàgbé ní Accra

Tí ẹ bá wọ trotro láti àárín ìlú Accra lọ sí Dansoman, ẹ máa gbọ́ tí mate, ìyẹn kọ̀ńdọ́ọ̀kítọ̀ ọkọ̀ náà, ń pe orúkọ àwọn ibùdókọ̀: Exhibition, Control, Keep Fit, Last Stop. Ara ẹgbẹ́ eré ìmárale kan tó wà ládùúgbò náà ni Keep Fit ti gba orúkọ rẹ̀. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé inú ọkọ̀ ni èèyàn ń jókòó sí kó tó dé ibẹ̀.

Dansoman kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí àárín ìlú. Kò pé kìlómítà mẹ́wàá. Àmọ́ tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, kẹ̀kẹ́ ológere (kì í ṣe Marwa o!) lè yá ju mọ́tò lọ. Kí ló wá dé tí àwọn tó ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́ fi kéré níye?

Ìtàn ìlú náà ní ìdáhùn sí i.

Àrùn ló kọ́kọ́ tú wọn ká

Ìlú ẹlẹ́sẹ̀ ni Accra látilẹ̀. Àwọn oníṣòwò Yorùbá tó kọ́kọ́ ti Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú wa mìíràn dé Gold Coast kí mọ́tò tó pọ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn, ẹrù wọn lórí.

Ní ọdún 1908, àjàkálẹ̀ àrùn burúkú kan tí eku ń tàn kálẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ nílùú náà. Ìjọba amúnisìn wó ọ̀pọ̀ ilé, wọ́n sì kó àwọn èèyàn kọjá ọ̀sà Korle lọ sí Korle Gonno. Ní 1923, wọ́n ṣí ilé ìwòsàn Korle Bu sí ìtòsí ibẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 22, oṣù kẹfà, ọdún 1939, ìmìtìtì ilẹ̀ wó ilé mọ́ àwọn èèyàn lórí, ìjọba tún kọ́ ilé tuntun fún wọn ní Mamprobi, Kaneshie àti àwọn ibòmíì.

Lóòótọ́ wọ́n ń jìnnà sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé Korle Gonno ṣì lè fẹsẹ̀ rìn dé ọjà.

Dansoman ló yàtọ̀. Ní àwọn ọdún 1970 ni ìjọba kọ́ ọ sí ìwọ̀ oòrùn Mamprobi, ilé lọ́tùn-ún, ilé lósì, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń fi yangàn pé kò sí estate tó tó o ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà nígbà náà. Ilé kúrò láàárín ìlú, àmọ́ iṣẹ́ ò kúrò: iléeṣẹ́ ìjọba àti ọjà Makola wà níbi tí wọ́n wà. Àwọn tó ya àwòrán ìlú Tema ní nǹkan bíi ọdún mẹ́wàá ṣáájú ti ronú kan ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, wọ́n fi ọjà àti ilé ìwé sí ibi tí ẹsẹ̀ lè dé ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Ti Dansoman, trotro ló kù.

Orúkọ ọkọ̀ náà, ẹ̀yin ará ilé, kò ṣàjèjì sí wa. Nínú èdè Ga, "tro" ni owó kọ́bọ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń san láyé àtijọ́. Tọ́rọ́ tí àwọn bàbá wa ń ná náà ni.

Ọdún tí wọ́n rìn tipátipá

Mo gbà pé jíjìn nìkan kọ́ ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ béèrè nípa ọdún 1983 lọ́wọ́ àgbàlagbà kankan ní Accra. Òjò kọ̀, iná ọ̀run jó oko, epo bẹntiróò di góòlù, bẹ́ẹ̀ ni Nàìjíríà ń lé ọmọ Ghana tó ju mílíọ̀nù kan lọ padà sílé. Ọ̀pọ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú ebi nínú. Egungun ọrùn tó yọ síta nítorí ebi ni wọ́n ń pè ní "Rawlings chain", wọ́n fi ń ṣe olórí orílẹ̀-èdè wọn yẹ̀yẹ́.

Ẹni tó bá rìn lọ́dún yẹn, tó wá padà ra mọ́tò, ṣé ẹ máa sọ fún un pé kó tún máa rìn nítorí ìlera? Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, àmì pé ìyà ti tán ni mọ́tò. Ní Sátidé, ó lè bá ẹgbẹ́ sáré ìmárale pẹ̀lú orin àti àtẹ́wọ́. Ní Mọ́ńdè, ó ti padà sórí ìjókòó.

Bẹ́ẹ̀, ìjókòó yìí gan-an ni ìṣòro. Ní 1953, dókítà Jeremy Morris àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní London wé àwọn kọ̀ńdọ́ọ̀kítọ̀ wọn. Awakọ̀ jókòó láti àárọ̀ dalẹ́. Kọ̀ńdọ́ọ̀kítọ̀ ń gun àtẹ̀gùn, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń gba owó. Àìsàn ọkàn ń ṣe àwọn awakọ̀ ju àwọn kọ̀ńdọ́ọ̀kítọ̀ lọ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá yẹ àwọn obìnrin Accra wò ní 2003, ó ju ìdajì wọn lọ tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀.

Àjọ ìlera lágbàáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú ara ṣiṣẹ́. Ìrìn wàràwàrà fún ìṣẹ́jú 30, lọ́jọ́ márùn-ún, ti tó o. Àjọ náà ṣírò rẹ̀ fún Accra pé, bí ìlú náà bá tún ọ̀nà àti ọkọ̀ èrò rẹ̀ ṣe, afẹ́fẹ́ tó mọ́ lè dènà ikú àìtọ́jọ́ 5,500 láàárín ọdún 35. Ti rírìn àti gígun kẹ̀kẹ́ ló yà mí lẹ́nu jù: ẹ̀mí 33,000.

Àmọ́ ibo ni kí wọ́n rìn sí? Ní ọ̀pọ̀ títì Accra, ọlọ́jà ti pàtẹ síbi tó yẹ kí ẹlẹ́sẹ̀ gbà, mọ́tò gúnlẹ̀ síbẹ̀, gọ́tà tí kò ní ìdérí sì la ẹnu sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní apá kejì ìlú, ní Madina àti Adenta, afárá ẹlẹ́sẹ̀ wà fún ọ̀pọ̀ ọdún láì parí. Ó di oṣù kọkànlá ọdún 2018, lẹ́yìn tí ọkọ̀ pa akẹ́kọ̀ọ́ kan, tí àwọn aráàlú fi ìbínú dí títì, kí iṣẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹni tó bá ń ti Dansoman gba Mamprobi bọ̀ wá sáàárín ìlú máa kọjá ní ìtòsí Korle Bu. Lára iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní ilé ìwòsàn yẹn ni kíkọ́ àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù bí wọ́n ṣe máa tún fẹsẹ̀ rìn.