Wúrà àti Ohun Tí A Fi Wúrà Bò

Akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́místrì ní Ìbà, bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Àgbádárìgì, mọ̀ pé Au ni àmì wúrà. Inú aurum, orúkọ wúrà ní èdè Látìn, ni a ti mú un. Láti ara aurum ni aureus ti wá, èyí tí í ṣe ohun tí a fi wúrà ṣe. Òun náà ni àwọn ará Róòmù fi sọ owó wúrà wọn. Ṣùgbọ́n deaurare ni kí a fi wúrà bo nǹkan mìíràn.

Ìyàtọ̀ náà kò kéré. Nígbà tí Jerome ń túmọ̀ ìwé Ẹ́kísódù sí Látìn ní nǹkan bí ọdún 400, deaurare ni ó lò fún àpótí ẹ̀rí, nítorí pé igi ni a fi kàn án. Aureus ni ó lò fún àwọn kérúbù, nítorí pé wúrà ni a lù ṣe wọ́n. Bíbélì Yorùbá tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ parí ní ọdún 1884 pa ìyàtọ̀ yìí mọ́: wúrà ni kí a fi bo àpótí, ṣùgbọ́n kérúbù wúrà ni kí a ṣe. Èdè wa kò yá ọ̀rọ̀ kankan; bò àti ṣe tó iṣẹ́ náà.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá kọ "àpótí wúrà" sínú ìdáhùn ìdánwò ti sọ igi di wúrà. Kí àwa olùkọ́ kíyè sí i.