Hali Ará Panipat: Akéwì Tí Ó Kọ́kọ́ Bá Ara Rẹ̀ Wí

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ lámèyítọ́ rí. Ó rọrùn láti ka ewì ẹlòmíràn, kí a sì sọ pé ó kù díẹ̀ káàtó. Èyí tí ó ṣòro ni kí akéwì gbé ewì ti ara rẹ̀ lé orí ìwọ̀n, kí ó sì jẹ́wọ́ ní gbangba pé kò wọ̀n tó. Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa ṣe bẹ́ẹ̀. Altaf Husain ni orúkọ rẹ̀. Hali ni orúkọ tí ó fi ń kéwì ní èdè Urdu.

Ìlú Panipat, tí kò jìnnà sí Delhi ní ilẹ̀ Íńdíà, ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1837. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni ó sì tọ́ ọ. Ó há Àlùkùránì sórí láti kékeré, ó kọ́ èdè Páṣíà, ó sì kọ́ Lárúbáwá. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, àwọn ẹbí gbé ìyàwó fún un, wọ́n rò pé yóò fìdí mọ́lé kí ó wáṣẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n òùngbẹ ìmọ̀ ń gbẹ ẹ́. Ó yọ́ kúrò nílé láìdágbére fún ẹnikẹ́ni, ó gba Delhi lọ.

Ní Delhi ni ó ti pàdé Mirza Ghalib, àgbà akéwì tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà náà. Hali a máa lọ bá a pé kí ó túmọ̀ àwọn ewì tó ta kókó fún òun. Ghalib kì í sábà gba ọ̀dọ́ níyànjú láti máa kéwì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí iṣẹ́ ọmọ yìí, ó sọ fún un pé bí kò bá kéwì, ara rẹ̀ ni yóò ṣẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ará ilé fi wá a kàn, tí wọ́n sì mú un padà sí Panipat ní 1855.

Ní 1857, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ Íńdíà àti àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ogun náà rọlẹ̀, Delhi ti bàjẹ́. Wọ́n lé ọba ibẹ̀, Bahadur Shah Zafar, tí òun náà jẹ́ akéwì, lọ sí Rangoon ní ilẹ̀ Burma. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní 1862. Ààfin tí àwọn akéwì ti ń jẹun ti ṣófo. Síbẹ̀, ewì wọn kò yí padà. Òdòdó, ẹyẹ olóhùn iyọ̀, ọtí àti olólùfẹ́ tí kò láàánú ni wọ́n ṣì ń kọ, bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Hali wà lára wọn. Khasta, èyíinì ni ẹni tó ti gbọgbẹ́, ni orúkọ tí ó kọ́kọ́ fi ń kéwì. Nígbà tó yá ni ó yí i padà sí Hali, orúkọ tó wá láti inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó ń tọ́ka sí ipò tí a wà lọ́wọ́lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ikú Ghalib ní 1869, Hali ríṣẹ́ ìjọba ní Lahore. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tún Urdu àwọn ìwé tí wọ́n túmọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ṣùgbọ́n inú ìwé wọ̀nyí ni ó ti rí i pé àwọn kan ń kéwì lọ́nà mìíràn. Ní 1874, òun àti Muhammad Husain Azad wà lára àwọn tó ń péjọ ní Lahore láti kéwì lórí kókó ọ̀rọ̀ kan pàtó: àkókò òjò, ìrètí, ìfẹ́ ìlú ẹni. Kí ó tó dìgbà náà, ìlà ewì kan ni wọ́n máa ń fún àwọn akéwì kí wọ́n lè bá ìró rẹ̀ mu, ohun yòówù kí wọ́n sọ.

Ní 1879 ni ó gbé iṣẹ́ tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká jáde. Sir Syed Ahmad Khan, ẹni tó dá ilé ẹ̀kọ́ Aligarh sílẹ̀ ní 1875, ni ó rọ̀ ọ́ láti kọ ọ́. Musaddas ni orúkọ ewì náà, nítorí ìlà mẹ́fà mẹ́fà ni ó tò ó sí. Ó sọ ìtàn ayé àìmọ̀kan àwọn Lárúbáwá, bíbọ̀ Ànábì wa Muhammad (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), ìmọ̀ tó tàn ní Baghdad àti ní Andalus, àti bí àwọn Mùsùlùmí Íńdíà ṣe wá ń tòògbé. Ó bá olówó wí, ó bá àlùfáà wí, ṣùgbọ́n pàṣán tó nà akéwì ta ju ti gbogbo wọn lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó ń fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹlòmíràn, ara rẹ̀ ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà, ó fi ara rẹ̀ wé màlúù tí àwọn elépo fi ń yí ọlọ. Wọ́n á fi aṣọ dì í lójú, á máa rìn títí. Ìgbà tí wọ́n bá tú aṣọ náà ni yóò rí i pé ibi tí òun ti gbéra ni òun ṣì wà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe lo ogún ọdún nídìí ewì. Sir Syed fẹ́ràn iṣẹ́ náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ní bí Ọlọ́hun bá bi òun lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀ ohun tí òun gbé ilé ayé ṣe, òun yóò ní òun ni òun ní kí Hali kọ Musaddas. Ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ ni ìwé náà parí sí. Hali fúnra rẹ̀ rí àléébù yìí, ó sì fi apá tó ní ìrètí kún un ní 1886.

Ní 1893, ó kó àwọn ewì rẹ̀ jọ sínú ìwé kan, ó sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú gígùn sí i. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú yìí, Muqaddama, ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ìpìlẹ̀ iṣẹ́ lámèyítọ́ ní èdè Urdu. Ohun mẹ́ta ni ó ní ewì rere gbọ́dọ̀ ní: kí ó yéni, kí ó jẹ́ òótọ́, kí ó sì ti inú ọkàn tó gbóná wá. Ọ̀rọ̀ Milton, akéwì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó gbé èyí kà. Ó tún ṣàlàyé pé ìwà àwùjọ a máa ba ewì jẹ́, nítorí ohun tí olówó bá fẹ́ gbọ́ ni akéwì ọ̀dọ̀ rẹ̀ ń sọ. Ewì tó ti bàjẹ́ á sì tún ba ìwà àwùjọ jẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí bí àwọn kan nínú. Ìwé ìròyìn Avadh Punch ní Lucknow fi ṣẹ̀sín léraléra. Títí dòní, àwọn onímọ̀ kan ń wí pé òṣùwọ̀n àjèjì ni ó fi wọn ewì ilé. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Hali yìí kan náà ni ó kọ ìtàn ayé Ghalib, Yadgar-e-Ghalib, ní 1897, tí ó sì fi sùúrù ṣàlàyé ẹwà ewì àtijọ́ náà. Ó mọ iyì ohun tí ó ń bá wí.

Ẹ̀rí tó tóbi jù ni Munajat-e-Beva, àdúrà opó, tí ó kọ ní 1884. Ní Íńdíà ìgbà náà, ọmọdébìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú lè wà láìlọ́kọ títí ayé rẹ̀. Àwọn ìdílé Mùsùlùmí kan ń tẹ̀lé àṣà yìí, bẹ́ẹ̀ Islam fún opó láyè láti tún ọkọ fẹ́. Hali fi ohùn opó náà sọ̀rọ̀, ní èdè tí wọ́n ń sọ nínú ilé, láìkó ọ̀rọ̀ ńláńlá Páṣíà àti Lárúbáwá jọ. Ìwọ̀n tí ó gbé kalẹ̀ ní 1893, ó ti gbé ewì ti ara rẹ̀ lé e ní ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú.

Ìjọba fún un ní oyè Shams-ul-Ulama, òòrùn àwọn onímọ̀, ní 1904. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó tún kọ Chup ki Dad, ewì tó fi yin àwọn obìnrin fún ìfaradà tí ẹnikẹ́ni kò dúpẹ́ rẹ̀. Ó kú ní 1914. Nígbà tí Íńdíà pín sí méjì ní 1947, ọ̀pọ̀ jùlọ Mùsùlùmí Panipat kó lọ sí Pakistan, ṣùgbọ́n sàréè rẹ̀ wà níbẹ̀ síbẹ̀. Kí Ọlọ́hun forí jì í, kí Ó sì fún àwa tí a mú kálàmù lọ́wọ́ ní ìgboyà láti ka iṣẹ́ tiwa kí a tó ka ti aládùúgbò.