Ta Ló Fi Bọ́ọ̀lù Lé E Lọ́wọ́?

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá dé Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun lọ́jọ́ tí eégún ń jó, ẹ ó rí ọmọ kékeré láàárín àwọn onílù, tí ìlù tó gbé kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi jù ú lọ. Àlejò a ní, "Ọmọ Àyàn kúkú ni, inú ẹ̀jẹ̀ ló wà." Ẹ̀jẹ̀ wo? Ká sọ òtítọ́ jàre, baba rẹ̀ ló fi ọ̀pá ìlù lé e lọ́wọ́ kó tó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Làmídì Àyánkúnlé tó gbé ìlù Ẹ̀rìn dé ilẹ̀ òyìnbó, ìdílé onílù ló ti gbéra.

Ó dáa. Bí iṣẹ́ kan bá wá wà tí ìyá ò ṣe rí, tí baba ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, ta ni yóò fi í lé ọmọ lọ́wọ́? Ìbéèrè yìí ló gbé mi dé ìdí bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì.

Ní 1891, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ James Naismith kan apẹ̀rẹ̀ èso mọ́ òkè ògiri ní Springfield, ní Amẹ́ríkà, kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè rí eré ṣe nígbà òtútù. Ibẹ̀ ni orúkọ eré náà ti wá. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a, ṣùgbọ́n ó di 1976, ní Montreal, kí wọ́n tó rí àyè nínú ìdíje Òlíḿpíìkì.

Ta ló kọ́kọ́ ju bọ́ọ̀lù wọlé níbẹ̀? Ọmọ àgbẹ̀ ni, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa. Lusia Harris ni orúkọ rẹ̀, ọdún 1955 ni wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ Mississippi. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Delta State gba ife-ẹ̀yẹ ní 1975, 1976 àti 1977. Kódà ní 1977, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ọkùnrin kan, New Orleans Jazz, yàn án. Oyún wà nínú rẹ̀ nígbà náà, kò sì lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Líìgì obìnrin tó lè gbé irú rẹ̀ ró kò tíì sí. Sáà kan péré ló fi gbowó nídìí bọ́ọ̀lù. Ní 1992 wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ilé àwọn olókìkí eré náà, obìnrin dúdú àkọ́kọ́ ni. Ó kú ní 2022. Òun ló la ọ̀nà, àmọ́ ọ̀nà ọ̀hún já sínú igbó.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sílé. Mobọ́lájí Akíòdé, ọmọ Yorùbá, Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ó gbé Nàìjíríà nígbà èwe. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì Fordham ní New York, ó sì wà lára àwọn obìnrin tó ṣojú Nàìjíríà ní Athens lọ́dún 2004. Ojú wọn rí màbo níbẹ̀. Ìdíje márùn-ún ni wọ́n gbá tí wọ́n sì pàdánù gbogbo ẹ̀. Ẹlẹ́kẹfà ni wọ́n wá na Kòríà ní 68 sí 64. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹgbẹ́ obìnrin láti Áfíríkà máa borí nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní Òlíḿpíìkì. Ipò kọkànlá nínú méjìlá ni wọ́n wà o! Ẹni tí ò mọ̀dí ọ̀rọ̀ á fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mobọ́lájí ṣiṣẹ́ oníṣirò owó ní ESPN, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n eré ìdárayá. Iṣẹ́ gidi ni, owó ń wọlé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó pè ní Hope 4 Girls Africa, ó sì ń kó àwọn ọmọbìnrin jọ ní Nàìjíríà, ó ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù láìgba kọ́bọ̀. Ẹ wò ó, ọ̀pọ̀ nínú wa á ní orí rẹ̀ kò pé.

Àmọ́ ọ̀kan lára àwọn ọmọ tó gba ibẹ̀ kọjá ni Evelyn Akhator, tó dàgbà ní Èkó. Ó ti kọjá ọmọdé kó tó di bọ́ọ̀lù mú. Ibẹ̀ ló ti rí ọ̀nà lọ sí iléèwé gíga ní Florida, ó bọ́ sí yunifásítì Kentucky, nígbà tó sì di 2017, ẹgbẹ́ Dallas Wings yàn án. Ẹnì kẹta ni nínú gbogbo àwọn tí líìgì WNBA yàn lọ́dún náà. Lọ́dún 2018, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé Nàìjíríà wọ àwọn mẹ́jọ tó kù nínú Ife Àgbáyé ní Sípéènì, ohun tí ẹgbẹ́ obìnrin Áfíríkà kankan ò ṣe rí.

Láti ìgbà náà, iná ò kú mọ́. Nàìjíríà gba ife Áfíríkà ní 2017, 2019, 2021, 2023 àti 2025, lórí ti 2003 àti 2005. Rena Wakama tó kó wọn lọ ní 2023, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ kóòṣì ẹgbẹ́ tó gba ife náà. Ní Paris lọ́dún 2024, wọ́n na Ọsirélíà ní 75 sí 62, wọ́n na Kánádà ní 79 sí 70, wọ́n sì di ẹgbẹ́ Áfíríkà àkọ́kọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó wọ àwọn mẹ́jọ tó kù nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní Òlíḿpíìkì.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Harris lágbára, kò rí ẹni tó ti wà níwájú láti fà á lọ́wọ́. Akhator rí i. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju ọwọ́ ẹnì kan lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí Ẹ̀rìn, Ìlobùú àti Ìfọ́n, ọmọbìnrin yín tó ga, tí ẹ máa ń bi pé, "Níbo lo ti fẹ́ rí ọkọ tó gùn jù ẹ́ lọ?", ẹ rọra. Ó ti ń tẹ èjìká kó lè kúrú lójú yín. Ẹ sọ fún un kó nàró. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹni tí yóò fi bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́. Bí ẹ ò bá rí ẹnì kankan, ẹ̀yin fúnra yín ẹ ra bọ́ọ̀lù kan. Ọmọ Àyàn ò kúkú fúnra rẹ̀ ra ìlù tó kọ́kọ́ lù.