Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Àlàyé fún Ẹni Tó Ń Fi Fóònù Ya Fọ́tò

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Bàbá tí wọ́n pè láti Èkó pé kó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó lórí fóònù lè fi òwe yìí dáhùn, kó sì pa fóònù. Ohun tó ń sọ ni pé ẹnu lè purọ́, àmọ́ ìpéǹpéjú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò mọ irọ́ pa tó o. Ẹni tó bá fẹ́ òótọ́, kó wá jókòó níwájú òun. Àwọn àgbà kò pa á nítorí fọ́tò, síbẹ̀ mi ò tíì gbọ́ ìmọ̀ràn tó wúlò jù ú lọ fún ẹni tó ń ya fọ́tò níbi ìnáwó.

Ẹ wo àwọn fọ́tò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lẹ́yìn òde. Léèsì hàn ketekete, gèlè ń dán, kódà orúkọ tó wà lára ike omi ṣeé kà. Ojú ìyá ọlọ́jọ́ ìbí nìkan ló dúdú bí ìdí ìkòkò. Àwọ̀ rẹ̀ kọ́ ló fà á. Kámẹ́rà kò mọ ẹni tó ń wò. Ṣe ló ń wá kí ìmọ́lẹ̀ inú àwòrán wà níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Bí aṣọ funfun àti ojú ọ̀run bá gba ibi tó pọ̀, á dín ìmọ́lẹ̀ kù nítorí wọn, ojú èèyàn dúdú ló sì máa jìyà rẹ̀. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà kò sì rò tiwa mọ́ ọn: fún ọ̀pọ̀ ọdún, obìnrin òyìnbó ló wà lórí káàdì tí Kodak fi ń ṣe òdiwọ̀n àwọ̀, “Shirley” ni wọ́n ń pè é. Ọdún 2021 ni Google tó gbé Real Tone jáde lórí fóònù Pixel 6 nítorí àwọ̀ bíi tiwa.

Ẹ kò nílò Pixel. Ẹ fi ìka tẹ ojú ẹni náà lórí fóònù kí ẹ tó yà á, ojú yẹn ni fóònù á fi ṣe òdiwọ̀n. Léèsì lè wá funfun jù. Ẹ jẹ́ kó funfun. Ẹni tó wọ̀ ọ́ ni àwọn ọmọ rẹ̀ máa wá wò lọ́jọ́ iwájú.

Oòrùn ọ̀sán le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ti oṣù kẹsàn-án, ọ̀gangan orí wa ló máa ń wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Etí fílà á da òjìji bojú, ihò ojú á di kòtò. Akẹ́kọ̀ọ́jáde Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè tí wọ́n ní kó kọjú sí oòrùn á kàn máa pajú dé ni. Ẹ mú un wá sétí àtíbàbà, kó kọjú síta, ìmọ́lẹ̀ tó rọ̀ á bá a níbẹ̀. Ìyá tó jókòó sẹ́nu ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà Ìjẹ̀bú-Igbó ti wà níbi tó dáa láìmọ̀. Ní Ogun Waterside, lápá Ìwopin àti Mákùn-Omi, omi ọ̀sà fúnra rẹ̀ ń ta ìmọ́lẹ̀ padà sókè sábẹ́ akẹtẹ̀ apẹja. Páálí funfun ni àwọn onífọ́tò ìgboro fi ń wá irú rẹ̀.

Ẹ nu ojú kámẹ́rà fóònù yín, òróró ìka ló sábà ń mú kí fọ́tò ṣú bí ọyẹ́. Ẹ má sì dúró lókèèrè kí ẹ máa fi ìka méjì fẹ àwòrán; fóònù kàn ń gé e ni, ó ń nà án. Ẹ rìn lọ bá a, àmọ́ ẹ má dé imú rẹ̀, torí lẹ́ǹsì fóònù máa ń mú ohun tó bá sún mọ́ ọn wú. Mítà méjì tó.

Ibi tí ẹ gbé kámẹ́rà sí náà ṣe pàtàkì. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí ní Ìlá-Ọ̀ràngún, kọ nípa àwọn onífọ́tò wa nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts lọ́dún 1978. Àgbàlagbà inú fọ́tò wọn á kọjú sí kámẹ́rà tààrà, ọwọ́ lórí itan, aṣọ títẹ́. Bí ìbejì kan bá ti kú, wọ́n á ya èyí tó kù, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan kí àwọn méjèèjì lè jókòó pọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi fọ́tò wọ̀nyẹn rẹ́rìn-ín pé wọ́n le gbagidi. Èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Kámẹ́rà kò wo àgbà látòkè níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ òòró ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń dúró sí ya bàbá tó jókòó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wálẹ̀.

Ayẹyẹ Ojúde Ọba ọdún 2024 ní Ìjẹ̀bú-Òde fẹ́ já òwe yìí nírọ́. Fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin ló gba ayé kan, jígí dúdú sì bo ojú rẹ̀. Ọwọ́ tó nà sókè, sìgá ẹnu rẹ̀ àti ìjókòó rẹ̀ lórí ẹṣin ló sọ̀rọ̀. Irú ìṣẹ́jú bẹ́ẹ̀ kì í dúró deni. Níbi tí ẹṣin bá ti ń sáré, ẹ jẹ́ kí fóònù máa yà á léraléra. Ẹni tó ní kámẹ́rà, kó gbé ìyára rẹ̀ dé 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá. Ọ̀pọ̀ nínú fọ́tò wọ̀nyẹn kò ní dáa. Ẹ pa wọ́n rẹ́ kí ẹ tó fi ìyókù ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí.